Ọ̀nà Òkè Yìnyín Nínú Ìwé Ìyá Tóyìn

Ẹ fi fóònù yẹn sílẹ̀ ná, ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, kí ẹ sún mọ́ mi. Láti ìgbà tí a ti jẹun tán ni mo ti jókòó síbí tí mo ń wò yín. Kí ìrẹsì tí Tóyìn ìyá yín gbé sínú máíkúrówéfù tó gbóná, ẹ ti rí bàálù tí ẹ máa wọ̀ lọ sí New Mexico, ẹ ti rí ilé tí ẹ máa sùn sí, ẹ ti yan bàtà àti pátákó tí ẹ máa fi yọ̀ lórí yìnyín. Dámi ní ó ku ibì kan péré tí òun máa fọwọ́ tẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì parí. Dámi, ọmọ mi, má tíì tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Kí ìyá àgbà yín tó dé láti Floyd, níbi tí àwọn obìnrin ìjọ ti lọ gbàdúrà láti ọjọ́ Ẹtì, mo fẹ́ kí ẹ gbà fún mi pé mọ́tò la máa wọ̀ lọ sí òkè yẹn, àti pé òun náà á bá wa lọ. Mo mọ̀ pé ó ti sọ fún yín lọ́sẹ̀ tó kọjá pé, "Ẹ máa lọ, èmi á dúró ti ilé." Ẹ̀yin náà sì dáhùn pé, "Okay, Grandma." Inú mi ò dùn sí okay yẹn rárá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Kíitán, mo gbọ́ ohun tí o ń sọ lábẹ́ ẹnu. "Grandpa, eleven hours." Ṣé mi ò mọ̀ ni? Èmi tí mo ti wa mọ́tò gba ọ̀nà yẹn lẹ́ẹ̀mẹjọ, ní àlọ àti àbọ̀, nígbà tí irun orí mi ṣì dúdú.

Nígbà yẹn, Little Elm tí ẹ ń gbé yìí, pápá lásán ni lójú wa. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó mọ ọ̀nà ibẹ̀. Garland ni gbogbo wa wà, nínú àwọn apátímẹ́ǹtì alájà méjì tí ògiri wọn fẹ́lẹ́. Láńre, tí ẹ ń pè ní Uncle Láńre, ló ń gbé lókè wa. Tí ó bá sín, ìyá àgbà yín á ní, "Pẹ̀lẹ́ o," láti ìsàlẹ̀, Láńre á sì dáhùn pé, "Ẹ ṣeun, mà." Lónìí, ilé tí a wà yìí tóbi débi pé Tóyìn ń fi fóònù pè yín láti kíṣìnì pé kí ẹ wá jẹun.

Tóyìn gan-an ló fa ọ̀rọ̀ òkè yìnyín. Ó wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Tí wọ́n bá ti wọlé lẹ́yìn Kérésìmesì, tíṣà á ní kí oníkálùkù sọ ibi tó lọ. Àwọn ọmọ yòókù á ní àwọn lọ yọ̀ lórí òkè. Tóyìn á ní òun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọdún kan ló wá bá mi ní yàrá, ó ní, "Daddy, kí ló dé tí àwa kì í lọ síbì kankan?" Mo sọ fún Láńre. Láńre ní àwọn ọmọ tòun náà ti bi òun. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ìjókòó ètò ọ̀hún, ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé Thanksgiving ní ìparí oṣù kọkànlá la máa ń ṣe é, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ìdílé mẹ́ta ni wá: tiwa, ti Láńre, àti tọkọtaya kan nínú ìjọ wa. A ó gbé tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a ó tẹ́ máàpù sílẹ̀. Ẹ̀yin ò mọ irú máàpù tí mò ń wí. Ilé gáàsì la ti máa ń rà á. Tí ẹ bá ń ṣí i, á máa dún ṣàkàṣàkà bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ, á sì tóbi ju rọ́ọ̀gì lọ. Kò sí ọkùnrin kan nínú wa tó lè ká a padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ìyá àgbà yín nìkan ló lè ká a.

Òun ló ni ètò náà. Nọ́ọ̀sì ni, ẹ mọ̀ ọ́n; kì í fi ohunkóhun sílẹ̀ láìkọ. Ó ra ìwé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ búlúù, ó kúnlẹ̀ ti máàpù yẹn pẹ̀lú rúlà, ó ń kọ ọ́ ní ìlú sí ìlú: ibi tí a ó ti ra gáàsì, ibi tí ilé ìyàgbẹ́ ti mọ́, ibi tí a ó ti jẹun, ibi tí a ó yà. Tó bá di àkókò oúnjẹ ọ̀sán níbi iṣẹ́, á máa pe àwọn onímòtẹ́ẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan tó ń pe lẹ́tà orúkọ Láńre fún wọn látorí dé ìdí. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta, kò bínú.

Tí a bá sì ti ìrìn àjò dé, á jókòó tì wá, á bi wá pé, "Kí lẹ rí lẹ́yìn Childress? Àwọn wo ló ṣe yín dáadáa? Ibo ni ọ̀nà ti burú?" Ohun tí a bá sọ, á kọ ọ́ kún ti ọdún tó ń bọ̀. Nítorí náà, tí ẹ bá ṣí ìwé yẹn, ẹ ó rí i níbẹ̀: "Ilé gáàsì tí ajá dúdú ń sùn sí ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n má dúró níbẹ̀, Tóyìn ń bẹ̀rù." Kò rí ajá náà rí. Ẹnu wa ló ti gbọ́ ọ.

Ṣé ọ̀rọ̀ náà ti ń yé yín bọ̀? Kò bá wa lọ. Ọdún àkọ́kọ́, ẹni tuntun ló jẹ́ ní ọsibítù, ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì sì já lé e lọ́wọ́. Ọdún kejì àti ìkẹta náà rí bẹ́ẹ̀. Ó se jọ̀lọ́ọ̀fù sínú kúlà ńlá, ó fi fóìlì di mọ́ínmọ́ín, ó dín ẹran, ó sì lọ yá kóòtù lọ́wọ́ gbogbo ìjọ. Ní ìdájí, ó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀, ó dúró sí páàkì apátímẹ́ǹtì, ó ń juwọ́ sí wa. Mo ṣì ń gbọ́ bí ọwọ́ kúlà yẹn ṣe ń han nínú mọ́tò títí dé Wichita Falls.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà kan fún yín tí ẹ ò ní gbà gbọ́. Mọ́tò mẹ́ta la máa ń tò tẹ̀lé ara wa, èmi ló sì ń ṣíwájú, nítorí pé èmi ni mo dàgbà jù. Kì í ṣe pé mo mọ ọ̀nà ju àwọn yòókù lọ. Láńre gan-an mọ máàpù jù mí lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jẹ́ kọjá mi lójú ọ̀nà. Tí mo bá dúró láti tọ̀, gbogbo wọn á dúró, bí ìtọ̀ ò tiẹ̀ gbọ̀n wọ́n. Tí mo bá rọra ń lọ, gbogbo wọn á rọra máa tẹ̀ lé mi, àwọn tírélà á máa fọn fèrè lẹ́yìn wa.

Ọdún kẹta, a dé Amarillo ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá àárọ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kí a ti yà sọ́wọ́ ọ̀tún, kí a kọjú sí àríwá. Ìwé búlúù wà lórí itan mi. Àwọn ọmọ ń kọrin Kérésìmesì lẹ́yìn, èmi náà ń gbe ohùn ìsàlẹ̀ fún wọn. Orin náà wọ̀ mí lára. Mo kọjá ibi tí ó yẹ kí n yà, mi ò mọ̀, mo kọrí sí ìwọ̀ oòrùn tààrà.

Láńre rí i. Ìyàwó rẹ̀ rí i. Tọkọtaya tó wà nínú mọ́tò kẹta náà rí i. Ìyàwó Láńre ní kí ó tan iná sí mi. Láńre ní, "Bọ̀dá mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Bóyá wọ́n mọ ọ̀nà àbùjá ni." Ni gbogbo wọn bá tẹ̀ lé mi. Fún wákàtí kan àti ààbọ̀, wọ́n ń tẹ̀ lé mi lọ síbi tí wọ́n mọ̀ dájú pé a ò fẹ́ lọ!

Ìgbà tí mo rí pátákó tí wọ́n kọ Tucumcari sí, orúkọ tí kò sí nínú ìwé búlúù, ni mo tó fura. Mo dúró nílé gáàsì kan. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo bi Láńre pé, "Láńre, ṣé ọ̀nà rèé?"

Ó yí fìlà òtútù rẹ̀ lọ́wọ́. "Bọ̀dá, láti Amarillo ni mo ti rí i pé a ti kọjá ibẹ̀."

"Kí ló wá dé tí o ò sọ?"

"Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ wà níwájú."

Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló bọ́ sí mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọ̀hún ò pẹ́. Ọkùnrin tó ń ta gáàsì sọ fún wa pé ìjì yìnyín ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, pé wọ́n lè ti ojú ọ̀nà òkè. Tí a bá padà sí Amarillo, ó dájú pé ìjì náà á ká wa mọ́ ojú ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ méje. Mo wọ inú àpótí fóònù tó wà ní ìta, mo ju owó wẹ́wẹ́ sí i, mo pe ilé.

Ìyá àgbà yín ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni. Ó ní òun ò tíì bọ́ bàtà.

"Bàbá Tóyìn, kí ni wọ́n kọ sára pátákó tó wà níwájú yín?"

Mo sọ fún un. Mo ń gbọ́ ìró máàpù, ṣàkàṣàkà.

"Ẹ má padà sí Amarillo. Ọ̀nà kékeré kan wà tó jáde láti ìlú yẹn lọ sí Las Vegas ti New Mexico níbẹ̀. Tí ẹ bá ti dé ọ̀hún, òkè ò jìnnà sí yín mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kún gáàsì yín báyìí o, nítorí kò sí ilé gáàsì lójú ọ̀nà yẹn. Ẹ ó kan gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Ẹ fi jíà kékeré gùn ún."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Obìnrin tó ni mòtẹ́ẹ̀lì ló sọ fún mi lọ́dún tó kọjá. Mo ní kó sọ gbogbo ọ̀nà tó mọ̀ fún mi, bóyá ọ̀kan á dí."

Ohun tó sọ náà la bá lójú ọ̀nà. Ilé gáàsì ò sí. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà wà níbẹ̀, ó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Obìnrin tí kò rìn jìnnà ju Floyd lọ ní gbogbo Texas dúró nínú kíṣìnì ní Garland, ó mú wa gba inú ilẹ̀ pupa yẹn kọjá. Bí a ṣe ń wọ ẹnu ọ̀nà mòtẹ́ẹ̀lì ni yìnyín àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ. Àwọn ọmọ pariwo. Mo jókòó nínú mọ́tò, mo gbé orí lé sítíárì, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín Láńre. Ẹ ò tíì gbọ́ tirẹ̀ tán. Lọ́jọ́ kejì, ó wọ ṣòkòtò mẹ́ta, èyí tó wà lókè pátápátá jẹ́ ti súùtù tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n de pátákó gbọọrọ méjì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Kí olùkọ́ tó sọ bí wọ́n ṣe ń dúró, Láńre ti lọ. Ó yọ̀ láti òkè, ó já sí àárín àwọn ọmọ oyìnbó kéékèèké tó ń kọ́ṣẹ́, gbogbo wọn sì ṣubú. Ó dìde, ó ń bẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbọn yìnyín kúrò lára wọn, ó ní, "Sorry, sorry o, ẹ pẹ̀lẹ́." Ọmọ ọdún mẹ́rin kan ló wá ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dúró. Èmi ní tèmi, mo ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, mo bọ́ bàtà wọn fún wọn, mo lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo ń ṣọ́ kóòtù.

Ibẹ̀ ni mo ti pe ìyá àgbà yín. Ó ní, "Báwo ló ṣe rí?" Mo wo ìta. Mo wá ọ̀rọ̀, mi ò rí. Mo ní, "Ó funfun." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé gbogbo ohun tí ẹ rí náà nìyẹn?" Lẹ́yìn náà ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ wakọ̀ jẹ́jẹ́." Mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn nígbà náà.

Ọgbọ́n kan bọ́ sí mi lọ́kàn. Nígbà tí à ń bọ̀ nílé, mo fọ kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù, mo rọ yìnyín kún inú rẹ̀, mo fi ọmọrí dé e pinpin. Wákàtí mọ́kànlá ni mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má ṣí i. Nígbà tí a dé Garland, mo gbé e sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ṣí i. Omi ni. Omi tó ń rùn ata díẹ̀, nítorí mi ò fọ kúlà náà dáadáa. Ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́, ó fi wọ́n síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Ó ṣì tutù." Lẹ́yìn náà ó gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, ó dà á sí ìdí ewúro rẹ̀.

Ibi tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni mo dé yìí, èmi ni mo sì jẹ̀bi rẹ̀. Ní ọdún kẹrin, wọ́n fún un láyè níbi iṣẹ́. Odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ó wá sọ fún mi pẹ̀lú ayọ̀, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Èmi, nítorí pé ẹ̀rù Tucumcari ò tíì kúrò lára mi, mo ní, "Ta ni á wá dúró ti fóònù?"

Ohun tí mo sọ nìyẹn. Ó wò mí. Ó ní, "Òótọ́ ni. Ẹ máa lọ."

Mi ò sọ ọ́ láti fi ṣe ìkà, ẹ gbà mí gbọ́. Mo rò pé mò ń yìn ín ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ló ti di àṣà. Ìyá Tóyìn ló ń kọ ọ̀nà, àwa là ń rìn ín, òun á sì jókòó ti fóònù. Ọdún mẹ́rin gbáko lẹ́yìn náà. Láńre ò bi mí léèrè. Ìyàwó Láńre ò sọ̀rọ̀. Ọ̀wọ̀ tí wọ́n bù fún mi ní Amarillo náà ni wọ́n tún bù fún mi nínú èyí. Wọ́n rí i pé mo ti ṣìnà, wọ́n ń tẹ̀ lé mi.

Nígbà tó yá, àwọn ọmọ dàgbà, wọ́n lọ sí yunifásítì. Láńre kó lọ, fóònù alágbèéká dé, wọn ò ta máàpù nílé gáàsì mọ́. Kò sẹ́ni tó sọ pé ká má lọ mọ́, a ò sáà lọ mọ́ ni. Obìnrin tó ń júwe ọ̀nà nínú fóònù yín yẹn, mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ohun kan: kì í bọ̀wọ̀ fún àgbà. Tí o bá ṣìnà, ojú ẹsẹ̀ ló máa sọ fún ẹ. Ká ní ó wà nínú mọ́tò mi nígbà yẹn, bóyá ìyá àgbà yín ì bá ti rí òkè.

Lóṣù tó kọjá, mò ń wá ìwé ìwọ̀lú mi nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ọwọ́ mi ba ìwé búlúù náà. Òun rèé. Ẹ gbà á, ẹ rọra o, ó ti gbó. Gbogbo ọdún tí mo fi lò ó, ojú ewé tó sọ̀rọ̀ ọ̀nà nìkan ni mo máa ń kà. Mi ò ṣí ojú ewé tó ṣáájú rẹ̀ rí, níbi tó máa ń kọ bí a ó ṣe jókòó sí. Dámi, kà á sókè. Ìwọ kúkú mọ Yorùbá kà.

Ẹ gbọ́ ọ? "Mọ́tò kìíní: Bàbá Tóyìn ló ń wakọ̀. Èmi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn." Ó wá fa ìlà kan la "Èmi" náà kọjá. Ṣí ti ọdún kejì. Èmi, ìlà. Ọdún kẹta, Èmi, ìlà. Ọdọọdún ló ń kọ ara rẹ̀ sí i, tó sì ń fà á rẹ́. Ṣí ti ìkẹyìn wò. Kò sí ìlà níbẹ̀, àbí? Kò kọ ara rẹ̀ mọ́. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ìwé yìí lọ́wọ́, mo sunkún, èmi àgbàlagbà.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ bàálù. Kí ló máa rí nínú ìkùukùu? Gbogbo ibi tó kọ síbẹ̀ ni mo fẹ́ kó rí: Childress, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, ilé gáàsì ajá dúdú, bí ó bá ṣì wà. Dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ara rẹ̀ gbà á, kó sáà máa mu omi, kó má sì kánjú lókè ọ̀hún. Kò sí ohun tó kù bí kò ṣe ẹnu rẹ̀ tó ti mọ́ ọn lára láti máa sọ pé, "Ẹ máa lọ."

Ẹ gbọ́. Gáréèjì ló ń ṣí yẹn. Ó ti dé.

Dámi, bíírò rèé. Ṣí ojú ewé tó mọ́, kọ ọ́ kíákíá. Mọ́tò kìíní: Tóyìn ló ń wakọ̀. Ìyá Tóyìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kọ ọ́ gàdàgbà. Èmi, fi mí sẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kúlà. Tó bá wọlé, ẹ kí i, ẹ gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kó jókòó. Lẹ́yìn náà, kí ẹ fi hàn án. Á wò ó, á sì sọ ohun tó máa ń sọ. Kí ẹnikẹ́ni nínú yín má ṣe dáhùn pé okay. Ẹ má wo ojú mi, ẹ má sì dúró de àgbà kankan. Dámi, ìwọ lo kéré jù níbí. Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.